Níbo ni Olóhun Wà? Àyẹ̀wò Fíìmù Lucky Baskhar

Òwe kan wà tí kò sí ọmọ tí wọ́n bí sí ilé Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n: ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé olè wà nínú òwe náà, olóhun wà níbẹ̀, ọjọ́ tí àwọn méjèèjì yóò pàdé sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òwe náà kò lè dúró mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi òwe yìí yẹ fíìmù Íńdíà kan wò, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Lucky Baskhar, tí ó jáde ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2024. Èrò mi ni pé fíìmù náà dùn púpọ̀, àti pé ọgbọ́n kan pàtó ni ó fi dùn: ó mú olóhun kúrò nínú ìtàn kí olè lè rí àánú gbà lọ́wọ́ wa.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan nínú ẹ̀yin olùkọ́ wa bi mí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú fíìmù Íńdíà. Ìdáhùn mi ni pé àhunpọ̀ ìtàn, ìfìwàwẹ̀dá àti ọgbọ́n ìsọ̀tàn tí ẹ̀ ń kọ́ wa nínú kíláàsì kì í ṣe aṣọ tí a dá fún ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn òbí wa pàápàá ti ń wo sinimá Íńdíà kí wọ́n tó bí wa. Wọn kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀. Orin, ijó àti ìjà ni wọ́n ń wò, wọ́n a sì máa sunkún níbi tí ó bá yẹ kí wọ́n sunkún. Ní ti èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí, ọ̀rọ̀ owó ni ó kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, ẹni tí kò bá sì ka ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán kò ní mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀.

Èdè Telugu ni wọ́n fi ṣe é, èyí tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh àti Telangana ní gúúsù Íńdíà. Venky Atluri ni ó kọ ìtàn náà tí ó sì darí rẹ̀. Dulquer Salmaan ni ó ṣe Baskhar, Meenakshi Chaudhary sì ṣe Sumathi, ìyàwó rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Telugu ni èdè rẹ̀, ìlú Bombay, tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mumbai ní ọdún 1995, ni ibùdó ìtàn, láàrin ọdún 1989 sí 1992. Kí ẹni tí kò tíì wò ó má ṣe bínú sí mi, nítorí n ó sọ ìtàn náà dé òpin. Kò sí bí mo ṣe lè sọ ohun tí mo ní í sọ láìṣe bẹ́ẹ̀.

Baskhar Kumar jẹ́ kaṣíà ní báńkì kan tí òǹkọ̀tàn sọ ní Magadha. Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà rúpì ni owó oṣù rẹ̀. Ó ní ìyàwó àti ọmọkùnrin kan, àwọn mìíràn nínú ilé sì tún ń wo ojú rẹ̀. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn dé ibi pé àwọn tí ó yá a lówó ń dá a lọ́nà. Àwọn ẹbí ìyàwó rẹ̀ ní owó, wọn kò sì kà á kún ènìyàn. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó sì gbójú lé ìgbéga kan tí ó yẹ kí ó kàn án, ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, ẹlòmíràn ni wọ́n gbé e fún. Ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti yí padà. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Anthony ti wá yá owó ní báńkì náà, wọn kò sì yá a. Ó ní tẹlifíṣàn tí ó kó láti òkè òkun tí ó wà ní èbúté, owó tí yóò fi gbà á jáde ni kò ní. Baskhar lọ wá a rí. Ó mú owó nínú owó báńkì ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n fi gba ọjà, wọ́n tà á, ó sì dá owó báńkì padà kí ẹnikẹ́ni tó kà á. Èrè ibẹ̀ bọ́ sí àpò rẹ̀.

Ó yẹ kí n fi gbólóhùn kan kún un níhìn-ín fún ẹni tí yóò ṣe kàyéfì pé èrè wo ni ó wà nínú tẹlifíṣàn. Ṣáájú àtúnṣe ètò ọrọ̀ ajé tí Manmohan Singh, mínísítà ètò ìnáwó, bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1991 lábẹ́ olórí ìjọba P. V. Narasimha Rao, owó ibodè tí ìjọba Íńdíà ń gbà lórí ọjà òkè òkun ga kọjá ààlà. Ohun tí ó bá ti wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú, ìlọ́po ìlọ́po ni wọn yóò tà á.

Láti ibẹ̀ ni ìtàn náà ti ń gun òkè. Owó ń wọlé. Báńkì gbé e ga nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, ipò ńlá sì ni, ibi tí ó ti wá rí i pé ohun tí báńkì fúnra rẹ̀ ń ṣe ju tirẹ̀ lọ. Alágbàtà ńlá kan, Harsha Mehra, ń fi owó àwọn báńkì ra ìpín ilé iṣẹ́ ní ọjà Bombay, àwọn ọ̀gá sì mọ̀ sí i. Baskhar ti ọwọ́ tirẹ̀ náà bọ̀ ọ́. Ìwà rẹ̀ yí padà, ó ń gbéra ga, ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tí ń wo àlejò. Nígbà tí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ CBI dé, ó ti palẹ̀ ohun gbogbo mọ́ ṣáájú wọn. Amẹ́ríkà ni a ti rí òun àti ìdílé rẹ̀ kẹ́yìn.

Ohun tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni ń sọ ìtàn náà fún wa. Baskhar fúnra rẹ̀ ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ tí àwọn CBI ti mú un lọ sí báńkì láti yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò ni ó ti kọjú sí wa tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ìtàn ọ̀daràn ti Yorùbá. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) àti Àgbàlagbà Akàn (1971) tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, Lápàdé tí ń lépa ọ̀daràn ni à ń tẹ̀ lé. Nínú àwọn ìwé Kọ́lá Akínlàdé, Akin Olúṣínà ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni. Ẹni tí ń wá olè ni ojú wa. Ohun tí kò bá mọ̀, àwa náà kò mọ̀ ọ́n. Ìdùnnú tí ó wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé a fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe é. Nínú Lucky Baskhar, a ti mọ ẹni tí ó ṣe é kí a tó jókòó. Ohun tí à ń fẹ́ mọ̀ ni bí yóò ṣe mú un jẹ, àti láìpẹ́, àwa náà ń gbàdúrà kí ó mú un jẹ.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa, ṣá o. Sẹ̀gilọlá tí I. B. Thomas kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó ní 1929 sí 1930 ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Sẹ̀gilọlá wà nínú àìsàn nígbà tí ó ń sọ tirẹ̀, ẹkún àti àbámọ̀ kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Òǹkàwé lè gbádùn ayé jíjẹ rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò ní jẹ́ kí ó gbádùn rẹ̀ pẹ́ kí omijé tó tún dé. Baskhar kò sunkún irú ẹkún yẹn. Ẹ̀rín ni ó ń rín sí wa. Mo rò pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá lórí asọ̀tàn tí ó jẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibí yìí, nítorí pé láti orí àbámọ̀ dé orí ẹ̀rín, ọ̀nà jìn gan-an, n kò sì gbà pé Íńdíà nìkan ni ó ti rìn ín.

Ibi tí fíìmù náà ti gbọ́n jù lọ, lójú tèmi, ni ọ̀rọ̀ àkókò. Bí a bá ní kí a ṣírò ohun tí Baskhar mú nínú báńkì ní ìgbà àkọ́kọ́ yẹn, a ó rí i pé kò sí kọ́bọ̀ kan tí ó dín. Owó pé ní ọjọ́ tí ó jáde, ó pé ní ọjọ́ tí wọ́n tún kà á. Ọjọ́ tí ó wà láàrin, nígbà tí báńkì ti ilẹ̀kùn, ni ó lò. Òǹkọ̀tàn dọ́gbọ́n fi olè kékeré yìí ṣáájú kí a lè lóye olè ńlá tí ń bọ̀, nítorí pé ọgbọ́n kan náà ni. Èyí sì mú wa dé orí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́.

Harsha Mehra inú fíìmù kì í ṣe àròsọ lásán. Harshad Mehta ni wọ́n wò ṣe é. Wọ́n bí Mehta ní 1954, ó sì ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé iṣẹ́ adójútòfò New India Assurance kí ó tó di alágbàtà ní ọjà ìpín Bombay. Láti mọ ohun tí ó ṣe, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ òfin kan. Ní Íńdíà nígbà náà, ó di dandan fún báńkì kọ̀ọ̀kan láti yọ apá kan sọ́tọ̀ nínú owó tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀, kí ó fi ra irú nǹkan bí ìwé gbèsè ìjọba. Ìdá 38.5 nínú 100 ni apá yìí ń jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Báńkì tí tirẹ̀ kò bá tó yóò wá rà lára ti báńkì tí tirẹ̀ ṣẹ́kù, wọn yóò sì jọ ṣe àdéhùn pé lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ ẹni tí ó tà á yóò tún rà á padà, ní iye tí ó fi díẹ̀ lé ti àkọ́kọ́. Bí a bá bọ́ aṣọ òfin kúrò lára rẹ̀, ẹ̀yáwó ni, owó tí ó lé yẹn sì ni èlé. Alágbàtà ni ó máa ń wá olùtà fún olùrà. Ìwé gbèsè náà fúnra rẹ̀ kì í tètè ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì, nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ náà. Nítorí náà, ìwé pélébé kan ni báńkì tí ń tà máa ń kọ, tí ń jẹ́rìí pé òun ti gba owó, àti pé ìwé gbèsè tí òun tà wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ òun. Ìwé pélébé yìí ni wọ́n ń pè ní BR.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi BR yìí. Ẹ̀rí ni, kì í ṣe ohun tí ó ń jẹ́rìí sí. Ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ gbà pé ohun náà wà níbì kan. Mehta rí i pé bí òun bá rí báńkì tí yóò kọ BR láìsí ìwé gbèsè kankan lẹ́yìn rẹ̀, òun lè mú un lọ sí báńkì ńlá, kí wọ́n sì ka owó sílẹ̀. Ó rí méjì: Bank of Karad àti Metropolitan Co-operative Bank, kékeré ni àwọn méjèèjì. Owó tí báńkì ńlá kà sílẹ̀ kò sì lọ tààrà sọ́dọ̀ báńkì kejì, inú àkáǹtì alágbàtà ni ó ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni ó ti ń gbé e fún ọjọ́ díẹ̀. Láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn ni ó ń fi ra ìpín, tí ìpín sì ń wọ́n sí i nítorí pé ó ń rà á. Ìpín ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì kan, ACC, gbéra láti nǹkan bí 200 rúpì títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 9,000. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wo gbogbo ọjà náà, tí wọ́n ń pè ní Sensex, wà ní nǹkan bí 2,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1992. Kí oṣù kẹta tó parí, ó ti kọjá 4,000. Nígbà tí ọjọ́ àdéhùn bá pé, yóò fi owó báńkì mìíràn san ti báńkì àkọ́kọ́.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ohun tí kaṣíà wa fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe náà ni ọkùnrin yìí fi ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ṣe. Mo ti ka ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ BR nínú ìwé ṣáájú kí n tó wo fíìmù yìí, kò yé mi. Tẹlifíṣàn Anthony ni ó là á yé mi. Ẹni tí ó bá lè mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yé ènìyàn láìfi í sú u ti ṣe gudugudu méje. Mo sì gbà pé àwọn bàbá ńlá wa, tí wọ́n mọ ẹ̀yáwó elélé títí wọ́n fi fún un lórúkọ, tí wọ́n pè é ní sogúndogójì, kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé wọn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1992, Sucheta Dalal kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Times of India pé àlàfo kan wà nínú ìwé State Bank of India, iye rẹ̀ sì tó bílíọ̀nù 5 rúpì. Ní ọjọ́ 28 oṣù kan náà, Sensex já wálẹ̀ ní ìdá tí ó lé ní 12 nínú 100 láàrin ọjọ́ kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ Janakiraman tí Báńkì Àpapọ̀ yàn láti wádìí ọ̀rọ̀ náà sọ pé owó tí a kò rí ìdí rẹ̀ lé ní bílíọ̀nù 40 rúpì.

Nísinsìnyí, kí ni ó sọ ọmọlúàbí ènìyàn di olè? Bí a bá bi fíìmù náà, kò ní sọ pé ebi ni. Ilé Baskhar kò sùn nínú ebi. Ẹ̀sín ni. Gbogbo ohun tí òǹkọ̀tàn tò sílẹ̀ ní ìlàjì àkọ́kọ́, ẹ̀gàn ni: wọ́n gàn án níwájú ìyàwó rẹ̀, wọ́n gàn án lẹ́nu iṣẹ́, àwọn olówó gàn án lójú pópó. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹni tí ó bá gba òwe yìí gbọ́ kò ní ṣòro fún un láti gbà pé olè jíjà náà yá ju ẹ̀sín, ibẹ̀ ni fíìmù náà sì ti rí wa mú.

Mo ti ronú púpọ̀ lórí irú ènìyàn tí Baskhar jẹ́ yìí. Yorùbá ní tálákà, ó ní mẹ̀kúnnù, ó ní olówó àti ọlọ́rọ̀. Àwọn tí ó wà láàrin, tí Òyìnbó fún ní orúkọ tiwọn, kò ní orúkọ kan tí ó fìdí múlẹ̀ lẹ́nu wa. Àwọn kan ń pè wọ́n ní alábọ́ọ́dé, àwọn kan ní olówó oṣù. Síbẹ̀ a mọ̀ wọ́n. Aṣọ wọn mọ́, wọ́n lọ ilé ìwé, gbèsè wọn kò sì ṣeé sọ fún ará ilé kejì. Tálákà lè tọrọ, àwọn kò lè tọrọ. Olùkọ́ ni bàbá mi, mo sì mọ bí gbogbo ilé ti máa ń dákẹ́ bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè bá ń kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà n kò lè fi Baskhar ṣe ẹlẹ́yà. Nígbà tí a jọ wo fíìmù náà ní yàrá wa, àwa méje, pátápátá ni yàrá pàtẹ́wọ́ nígbà tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn CBI. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní kò jí owó ẹnikẹ́ni, ó ní báńkì kì í ṣe ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, òun ni ó sì jẹ́ kí n tún fíìmù náà wò lẹ́ẹ̀kejì, tí mo wá ń wá olóhun. N kò rí i. Nínú gbogbo àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí ó ṣe pàtàkì, kò sí ẹnì kan tí ó fi owó pamọ́ sí Magadha tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ohun tí Baskhar tàbí Harsha Mehra ṣe. Ọ̀gá báńkì wà, ọ̀bàyéjẹ́ ni. Alágbàtà wà, olè ni òun náà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà, iṣẹ́ ìjọba ni ó ń ṣe. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi sí ipò olóhun, ta ni yóò sì káàánú wọn? Báyìí ni òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ṣe dí lẹ́nu. Ọjọ́ olóhun kò lè pé níbi tí olóhun kò sí.

Èmi ò gbà pé báńkì kì í ṣe ènìyàn. Ìdá 38.5 tí mo mẹ́nu bà lókè yẹn, nínú kí ni wọ́n ti yọ ọ́? Nínú owó àwọn tí ó fi í pamọ́ ni. Karad jẹ́ ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, ìpínlẹ̀ kan náà tí Bombay wà. Kò ṣòro láti mọ irú ẹni tí ń fi owó sí báńkì kékeré níbẹ̀, nítorí àwọn olówó ńlá kì í lọ síbẹ̀. Ní 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò àtitú Bank of Karad ká. Nígbà tí ó yá ni Bank of India gba ohun tí ó ṣẹ́kù. Ní ọdún náà, bí báńkì bá dojú dé ní Íńdíà, iye tí adójútòfò owó ìfipamọ́ lè san fún ẹnì kan kò ju 30,000 rúpì lọ. Ẹ fi owó oṣù Baskhar pín in: oṣù márùn-ún péré. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún tọ́jú owó ìgbéyàwó ọmọ, bíi Baskhar ni òun náà, aṣọ rẹ̀ mọ́, kò lè tọrọ. Irú Baskhar kejì yẹn ni a kò gbà láàyè kí ó wọ inú fíìmù.

Ọ̀rẹ́ mi yóò dáhùn pé Baskhar dá owó padà ní gbogbo ìgbà tí ó mú owó inú báńkì. Òtítọ́ ni, òǹkọ̀tàn sì mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Anthony bá ti sá lọ ńkọ́? Bí àwọn aṣọ́bodè bá gbẹ́sẹ̀ lé tẹlifíṣàn wọ̀nyẹn ńkọ́? Ẹni tí ó fi owó pamọ́ ń sùn nínú ilé rẹ̀ láìmọ̀ pé wọ́n ti fi owó òun ta tẹ́tẹ́ lóru, wọ́n sì ti dá a padà ní òwúrọ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ, a kò pè é wá pín. Bí wọ́n bá ti pàdánù, òun ni wọn ìbá pè. N kò mọ orúkọ tí òfin ń pe èyí, ṣùgbọ́n ní Yorùbá, jìbìtì ni.

Lórí ìfìwàwẹ̀dá, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Dulquer Salmaan ṣe dáadáa. Ènìyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó jọ láàrin ìgbà tí kò ní àti ìgbà tí ó ní, pàápàá bí ó ti ń rìn. Sumathi ni ó dùn mí. Òun ni ó kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ kọ́ ni ó ń wọlé mọ́, òun ni ó sì lè bi í léèrè ohun tí àwa tí à ń wò kò bi í. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti béèrè tán, ìtàn a tún padà sọ́dọ̀ ọkọ. Obìnrin tí ó ní làákàyè tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ní ju ẹkún àti ìdáríjì lọ láti ṣe.

Mo tún fẹ́ kí a wo orúkọ fíìmù náà. Baskhar olóríire ni ìtumọ̀ rẹ̀ bí a bá fẹ́ fi Yorùbá sọ ọ́. Oríire, ọ̀rọ̀ ńlá ni lọ́dọ̀ wa, nítorí orí ni ó wà nínú rẹ̀, àwa kò sì gbà pé orí máa ń dá iṣẹ́ ṣe láìsí ẹsẹ̀ àti ìwà. Nínú fíìmù yìí, n kò rí ibi tí orí ti ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò ni ó ṣiṣẹ́, àti ọ̀rẹ́ tí kò dalẹ̀, àti báńkì tí kì í kà owó rẹ̀ ní àkókò. Nígbà tí a bá pe gbogbo èyí ní oríire, a kò tún ní béèrè pé ta ni ó sùn nígbà tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́nà.

Ní ti Harshad Mehta gan-an, kò rí Amẹ́ríkà sá lọ. Wọ́n mú un ní 1992, ìjọba dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní ọdún kan náà nítorí ọ̀rọ̀ náà, inú àhámọ́ ní Thane ni ó sì kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2001, ní ẹni ọdún 47. Ìtàn rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe eré onípele mẹ́wàá kan ní 2020, Scam 1992, èyí tí Hansal Mehta darí, tí wọ́n sì gbé ka ìwé tí Sucheta Dalal àti Debashis Basu kọ. Mo wò ó lẹ́yìn Lucky Baskhar, mo sì gba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níyànjú kí wọ́n wo méjèèjì pọ̀. Níbẹ̀ náà, alágbàtà ni ó ń dán lójú wa, ènìyàn sì lè fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni a kọ́kọ́ rí. Òṣìṣẹ́ State Bank of India kan ni a kọ́kọ́ rí, olówó oṣù bíi Baskhar, tí ó wọ ọ́fíìsì Times of India pẹ̀lú ìbẹ̀rù, tí kò mọ ẹni tí ì bá sọ fún, pé owó kan wà ní báńkì àwọn tí àwọn kò rí mọ́.